Ẹ Fún Ìròyìn Ní Wákàtí, Ẹ Fún Orin Ní Àyè

Ètò ìlera wa ti òní dá lórí etí, ṣùgbọ́n kì í ṣe àrùn etí. Ohun tí à ń gbà sétí láti àárọ̀ di alẹ́, àti ohun tó ń fi ara wa ṣe, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí oṣù kẹjọ ọdún 2014. Àrùn Ẹbólà ti wọ Èkó ní ogúnjọ́ oṣù keje, láti ara arìnrìn-àjò kan tó bá ọkọ̀ òfuurufú dé láti Làìbéríà. Lóru ọjọ́ kan, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri. Ẹ̀gbọ́n ń pe àbúrò, ọmọ tó wà ní Àbújá ń pe ìyá rẹ̀ nílé: "Ẹ dìde, ẹ gbé omi kaná, ẹ da iyọ̀ sí i, kí gbogbo ilé fi wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí ẹ sì mu díẹ̀ níbẹ̀." Àwọn kan rí i nínú àtẹ̀jíṣẹ́, àwọn kan rí i lórí WhatsApp. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Kò sẹ́ni tó bèèrè. Wọ́n jí ọmọdé lójú oorun, wọ́n bu omi iyọ̀ lé wọn lórí. Ó kéré tán, èèyàn méjì ló kú lórílẹ̀-èdè yìí nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu, àwọn mìíràn sì dèrò ilé ìwòsàn. Ẹbólà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà, 20 èèyàn ló mú, mẹ́jọ nínú wọn ló kú. Ọpẹ́lọpẹ́ Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọn kò jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ jáde wọ ìgboro. Dókítà náà wà lára àwọn mẹ́jọ tó bá a lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ara 20 èèyàn ni àrùn náà dé. Ìbẹ̀rù rẹ̀ wọ yàrá gbogbo wa.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ìròyìn o. Orí rédíò ni mo wà yìí. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá wa á ní kí n máa lọ sílé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìròyìn tó ń bani lẹ́rù ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ẹran ara, bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́, bóyá nítòsí ló ti ṣẹlẹ̀ tàbí lókèèrè. Ọpọlọ kì í kọ́kọ́ bèèrè. Bí ojú bá ti rí ohun ẹ̀rù, tí etí gbọ́ igbe, àwọn ẹran kékeré méjì tó jókòó sórí kíndìnrín wa á tú omi tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa lù kìkì, èémí á kúrú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á gòkè, iṣan ọrùn àti èjìká á le. Gbogbo rẹ̀ wà fún ẹni tó fẹ́ sá tàbí tó fẹ́ jà. Lẹ́yìn náà ni èkejì rẹ̀, cortisol, á tẹ̀lé e, òun kì í sì í tètè kúrò nílẹ̀. Ẹni tó pàdé ejò lóko á sá, á délé, á ròyìn, ara á wálẹ̀. Ẹni tó jókòó ti fóònù kò sá lọ síbì kankan. Ó fi àtàǹpàkò ti ojú ẹ̀rọ náà sókè, òmíràn yọ. Ó tún tì í, òmíràn tún yọ.

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó máa ṣe ètò yìí, ìfúnpá ni mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wọ̀n. Màmá kan wà tó ń ta aṣọ òkè, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró kó kàn án. Fídíò ń dún lọ́wọ́ rẹ̀: àwọn gbọ́mọgbọ́mọ, igbó, ẹkún. Mo wọn ìfúnpá rẹ̀, ó ga. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa fídíò yẹn ná." Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọ̀nà Ìjẹ̀bú ni wọ́n ló ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà yẹn lọmọ mi ń gbà." Mo ní, "Ṣé ẹ ti pè é?" Wọ́n ní, "Mo ti pè é. Ó ti dé ibi iṣẹ́." Ọmọ ti dé ibi iṣẹ́, ìyá ṣì wà nínú igbó. A wo fídíò náà pọ̀, kò ní ọjọ́ lára, kò ní orúkọ ìlú, a ò rí ẹni tó yà á. Mo gba fóònù, mo fi sínú báàgì wọn, mo ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kalẹ̀, kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga. Ìṣẹ́jú márùn-ún la máa ń fi jókòó jẹ́ẹ́ kí á tó wọn ìfúnpá, òfin iṣẹ́ wa ni. Ìgbà tí mo tún un wọ̀n, nọ́ńbà òkè ti wálẹ̀. Kò wálẹ̀ dé ibi tí a fẹ́, wọ́n ṣì ní oògùn láti lò, ṣùgbọ́n ó wálẹ̀.

Kì í ṣe màmá yẹn nìkan. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2013, bọ́ǹbù dún níbi eré ìje Marathon ní ìlú Boston, l'Amẹ́ríkà. Àwọn olùṣèwádìí láti Yunifásítì California ní Irvine fi ọ̀rọ̀ wá àwọn èèyàn lẹ́nu wò láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i. Wọ́n yẹ àwọn tó wà níbi tí bọ́ǹbù ti dún wò, wọ́n yẹ àwọn tí kò sí níbẹ̀ wò. Àwọn tó jókòó ti ìròyìn bọ́ǹbù náà fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, nínú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ni ìdààmú ọkàn wọn pọ̀ ju ti àwọn tó wà níbẹ̀ gan-an. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ó ju ti àwọn tó wà níbẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo kà á, Ọ̀wọ̀ ni ọkàn mi lọ. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ ìsinmi, tí wọ́n pa àwọn olùjọsìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwòrán inú ṣọ́ọ̀ṣì náà ti dé Ìbàdàn, ó ti dé London, ó ti dé Houston, níbi tí ọmọ Yorùbá kan wà nídìí iṣẹ́ òru tó ń wò ó láàrin àwọn tí kò mọ ohun tó ń wò. Àánú ló ń mú wa fi ránṣẹ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní Ọ̀wọ̀ lóru yẹn. Gbogbo ohun tó lè ṣe ni kó má sùn. Àwọn òkú náà sì ní mọ̀lẹ́bí, tí kò yẹ kí wọ́n ṣèèṣì rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lórí fóònù.

Láyé àtijọ́, ìròyìn máa ń parí. Ẹ rántí ìròyìn NTA aago mẹ́sàn-án alẹ́. Bàbá á ní kí gbogbo ilé dákẹ́, a ó gbọ́ ọ, agbóhùnsáfẹ́fẹ́ á kí wa pé ó dàárọ̀, ó tán nìyẹn. Bí ohun kan bá tún ṣẹlẹ̀ ní aago mọ́kànlá, ọ̀la la ó gbọ́ ọ. Nǹkan mìíràn tún wà: ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìlú, ẹnu olórin la ti ń gbọ́ ọ. Nígbà tí ìjọba gbé ètò Operation Feed the Nation kalẹ̀ ní 1976, Ebenezer Obey gbé e sínú àwo. Ọ̀rọ̀ tó bá gba ẹnu olórin kọjá ti tutù kó tó dé ọ̀dọ̀ wa; ẹnìkan ti jókòó rò ó, ó ti wá òwe sí i, ó ti fi ìlù sí i. Èyí tó ń bọ̀ lórí fóònù báyìí, gbígbóná ló ń bọ̀, kò sì sẹ́ni tó rò ó.

Nítorí náà, ẹ fún ìròyìn ní wákàtí. Nígbà àrùn Kòrónà, ní oṣù kẹta ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba gbogbo ayé nímọ̀ràn pé ká dín ìròyìn tó ń dá ìpayà sílẹ̀ kù, ká máa wá a lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, lásìkò kan pàtó, lọ́dọ̀ ẹni tó ṣeé gbà gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ mú ìròyìn kan tó ní olóòtú, tó ní orúkọ, tí ẹ lè mú bó bá parọ́. Kò yẹ kó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹ fi jí, kò sì yẹ kó jẹ́ ohun ìkẹyìn tí ẹ fi sùn. Àwọn tó ń sọ pé fóònù ló ń jí àwọn láàárọ̀, aago kékeré tó ń dún wà lọ́jà, kò wọ́n.

Àwọn gúrúùpù WhatsApp ńkọ́: ti ẹbí, ti ìjọ, ti ẹgbẹ́ ọmọ ilé ìwé, ti àdúgbò? Ẹ ò ní láti jáde, kí wọ́n má baà ní ẹ ń gbéra ga. Ẹ pa ohùn wọn, kí ẹ máa wọlé wò wọ́n nígbà tó bá wù yín. Bí ẹ bá rí àmì ọfà méjì lórí ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020 ni WhatsApp ti ṣe é pé irú rẹ̀ kò ṣeé fi ránṣẹ́ ju ojú kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ni ẹ̀rọ náà gan-an ti rí i pé ó ń dà wá láàmú.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ báyìí. Awakọ̀ ní, "Bí mi ò bá gbọ́ ìròyìn, ṣé orí afárá tó dí ni kí n lọ há sí?" Oníṣòwò ní òun gbọ́dọ̀ mọ iye tí dọ́là ń lọ. Òótọ́ ni. Èyí tí ẹ lè ṣe nǹkan sí, ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ ṣe nǹkan sí i. Ọ̀nà dí, ẹ yà. Owó gbéra, ẹ tún ọjà yín ṣírò. Èyí tí ẹ ti gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i ju kí ẹ mí kanlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kẹrin rẹ̀ kò ní fi ìmọ̀ kún un. Àwọn àgbà ló sọ pé bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Èmi ò ní kí etí má gbọ́. Kó ṣáà má gbọ́ ọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ó wá ku orin. Bí ẹ bá pa ìròyìn tí ẹ kò fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀, ọwọ́ yóò tún yọ́ lọ sí fóònù.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ fàájì ni mo ń sọ. Ní 2013, àwọn onímọ̀ kó àbájáde ìwádìí 26 jọ, tí wọ́n ṣe lórí 2,051 èèyàn tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn. Wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n fún ní orin gbọ́, ìpayà wọn dín kù sí ti àwọn tí wọn kò fún. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi abẹ là níkùn nìyẹn o. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì náà ẹ rántí Dáfídì, tó ń ta háàpù fún Sọ́ọ̀lù ọba nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú.

Ìwádìí tí mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti Ítálì, ọdún 2006 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Bernardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó èèyàn 24 jọ, àwọn 12 jẹ́ olórin, àwọn 12 kì í ṣe olórin. Wọ́n fi oríṣiríṣi orin sí wọn létí: ti Íńdíà, ti Beethoven, ráàpù, tẹ́kínò, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń wo bí wọ́n ṣe ń mí àti bí àyà wọn ṣe ń lù. Orin tó yára mú kí wọ́n máa mí sókè mí sódò, ìfúnpá sì gòkè. Kò kan irú orin tí ẹnìkan fẹ́ràn; bí orin ṣe yára sí ló kà jù. Nígbà náà ni wọ́n rí ohun tí wọn kò wá. Wọ́n dá orin dúró fún ìṣẹ́jú méjì láàrin, kò sí ohùn kankan. Ìṣẹ́jú méjì yẹn gan-an ni ara àwọn èèyàn náà rọlẹ̀ jù, ó rọlẹ̀ ju ìgbà tí wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Mo bẹ àwọn ẹ̀ka ẹ̀rọ níbí pé kí wọ́n jẹ́ ká dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì lórí afẹ́fẹ́ kí ẹ lè dán an wò. Wọ́n ní láéláé, pé gbogbo ìlú á rò pé iná ti lọ.

Ẹ fúnra yín ẹ ṣe é nílé. Ẹ mú orin tó rọra ń lọ. Ọkàn àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń lù láàrin ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Orin tí ìlù rẹ̀ bá ń lọ ní nǹkan bí 60 sí 80 ni ẹ wá. Ọ̀dọ̀ Haruna Ìṣọ̀lá ni èmi máa ń lọ, bàbá àpàlà láti Ìjẹ̀bú-Igbó, tó jáde láyé ní 1983. Haruna kì í dìde fò sókè bó bá ń kọrin. Ìjókòó ni, àwọn onílù rẹ̀ á yí i ká. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ agídìgbo nìkan, ó wà nísàlẹ̀, ó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ láìkánjú. Bí ẹ bá ti dì í mú, ẹ wá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wá ìlù tó ń fọhùn, tó ń dá sí i tó tún ń panu mọ́. Ohùn Haruna ni kó gbẹ̀yìn. Ó gbé gbólóhùn kan kalẹ̀, àwọn elégbè gbà á, òun dúró. Bí ẹ bá ń ṣọ́ agídìgbo báyìí, ẹ ò ní ráyè ṣọ́ dọ́là. Sákárà Yusuf Ọlátúnjí náà dára, Baba Lẹ́gbá, pẹ̀lú gòjé tó ń sunkún láìṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Bó bá jẹ́ jùjú ló wù yín, ohùn Túndé Nightingale ń bẹ nílẹ̀, ohùn tínrín tó ga tí kì í pariwo.

Kì í ṣe gbogbo orin ló ń tuni lára o, bó ti wù kó dùn tó. Èmi fẹ́ràn Àyìnlá Ọmọwúrà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà bú mi ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n bí Àyìnlá bá gbé ìjà àwọn olórin ẹgbẹ́ rẹ̀ dé, tó ń sọ̀kò ọ̀rọ̀, èmi tí wọn kò bá jà á ti dìde jókòó. Ìyẹn kì í ṣe orin àlẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni orin ìjọ kan tó jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀tá ni wọ́n ń lé. Ẹni tó fi orúkọ ọ̀tá sùn, ọ̀tá ló máa bá lójú àlá. Fújì tó ń dún láti inú gbohùngbohùn òde ìyàwó dára fún ẹni tó lọ síbẹ̀ ná owó. Ẹni tó wà nílé kejì tí kò sùn, ìròyìn burúkú lòun ń gbọ́.

Fóònù gan-an tún ni ìṣòro. Ẹ fẹ́ gbọ́ orin, ẹ ṣí i, ọ̀rọ̀ ti wọlé, ẹ ti kúrò nídìí orin. Ẹ gba orin sílẹ̀, kí ẹ pa dátà. Èyí tó tún sàn jù ni rédíò kékeré yẹn tó ń gba mẹ́mórì káàdì, tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí, tí àwọn bàbá ọlọ́dẹ máa ń gbé dání. Kò mọ WhatsApp. Ẹ ṣe é kó wà nísàlẹ̀, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lè bá yín sọ̀rọ̀ láìgbóhùn sókè. Ogún ìṣẹ́jú tó. Kí ẹ má máa ka ìwé ìròyìn lé e lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ ò ní rédíò, tí ẹ ò ní iná, ẹ ní ọ̀fun. Ẹni tó ń kọrin, kíákíá ló ń fa èémí sínú, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ tú u jáde díẹ̀díẹ̀. Èémí tó pẹ́ jáde báyìí máa ń mú kí ọkàn rọra máa lù. Àwọn ìyá wa kò kà á nínú ìwé. Ọmọ ń ké, ìyá pọ̀n ọ́n, ó ń gbọ̀n ọ́n lẹ́yìn, ó ń fi orin ìrẹ̀mọ́lẹ́kún rẹ̀ ẹ́. Ọmọ nìkan la máa ń rò pé ó ń sùn. Ẹ wo ojú ìyá náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Orin ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí oorun bá ti kúrò lójú yín fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ kò wọlé, tí àyà ń já láìsí ohun tó dé, tàbí tí ọkàn ń sọ pé kí ẹ kúkú kú, ẹ lọ rí dókítà lónìí. Ẹ má fi rédíò wò ó. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru kò sì gbọdọ̀ tìtorí Haruna Ìṣọ̀lá fi oògùn sílẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń bẹ̀rù orúkọ ilé ìwòsàn ọpọlọ Àró ní Abẹ́òkúta, wọ́n ní wèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀. Láti 1954 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, tó mú àwọn aláìsàn gbé láàrin ará abúlé pẹ̀lú àwọn ẹbí wọn, ibẹ̀ kì í ṣe ibi ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí ìpayà kò jẹ́ kó sùn lè lọ síbẹ̀, wọ́n á gbọ́ tirẹ̀, á sì padà sílé. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá wà fún àwọn ará Èkó, ilé ìwòsàn UCH sì wà n'Íbàdàn.

Wọ́n ti ń ṣẹ́wọ́ sí mi láti inú gíláàsì. Ìròyìn aago mẹ́rin ló kàn lẹ́yìn ètò yìí. Ẹ gbọ́ ọ, kò gùn. Bí wọ́n bá tún kà á ní aago márùn-ún, ẹ ti gbọ́ ọ nìyẹn.